Ta ló ń kọ ohun tó wà lára ògiri mùsíọ́mù, báwo lẹ sì ṣe lè wọ iṣẹ́ náà l'Ékòó?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, orílẹ̀-èdè Netherlands dá iṣẹ́ ọnà Bìní 119 padà fún Nàìjíríà, wọ́n sì ṣe ayẹyẹ rẹ̀ ní mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Óníkàn. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló kó irú wọn láàfin Ọba Bìní lọ́dún 1897. Ìròyìn náà gbalẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ idẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ìbéèrè mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì: "Àwọn wo ló ń ṣàlàyé nǹkan wọ̀nyí fún ará ìlú? Ṣé iṣẹ́ oṣù ni? Èmi tí mo ka ìtàn, tàbí tí mo ka Yorùbá, ṣé mo lè ṣe é?"

Ìdáhùn tí wọ́n ń rí gbà kò dọ́gba. Ẹnìkan á ní iṣẹ́ gáádì ni. Ẹlòmíràn á ní àfi ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìyá kan á ní òrìṣà ni wọ́n ń bọ níbẹ̀, kí ọmọ òun má dé ẹnu ọ̀nà.

Iṣẹ́ ni o, àwọn ènìyàn sì ń jẹun nídìí rẹ̀. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé orúkọ iṣẹ́ náà kì í sáábà hàn nínú ìkéde. Ẹ lè máa wá "òǹkọ̀wé mùsíọ́mù" nínú ìwé ìròyìn àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ lè má rí ẹyọ kan. Abẹ́ orúkọ mìíràn ló wà, ẹni tí kò bá mọ orúkọ wọ̀nyẹn á kọjá lára rẹ̀ láì mọ̀.

Àwọn wo ló ń ṣiṣẹ́ nínú mùsíọ́mù?

Mùsíọ́mù ju yàrá tí wọ́n ń kó nǹkan àtijọ́ sí lọ. Nígbà tí ICOM, àjọ àgbáyé àwọn mùsíọ́mù, tún ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe ní Prague ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n fẹnu kò pé ilé tó wà títí lọ ni, tí kò wà fún èrè, tó ń ṣèwádìí, tó ń kó ogún àwọn baba ńlá jọ, tó ń tọ́jú rẹ̀, tó ń túmọ̀ rẹ̀, tó sì ń fi í han aráyé, kí wọ́n lè kẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n gbádùn, kí wọ́n sì ronú. Ìtúmọ̀ àti ẹ̀kọ́ inú gbólóhùn yẹn ni iṣẹ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Kúrétọ̀ ni ẹni tó mọ ìtàn àwọn nǹkan náà, òun ló ń pinnu èyí tó máa jáde síta àti èyí tó máa jókòó tì èkejì. Olùtọ́jú ni kì í jẹ́ kí ikán jẹ igi tàbí kí ìpẹtà mú irin. Òǹkọ̀wé ló ń gba ohun tí kúrétọ̀ mọ̀, tó ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ti ọjà Balógun yà wọlé lè kà kó sì yé e. Òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ń gba àwọn ọmọ ilé-ìwé lálejò, tó ń ṣètò ohun tí wọ́n máa wò, tó ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún tíṣà wọn. Afinimọ̀nà ni ẹ máa ń bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, tó ń mú yín yípo.

Ẹni tó bá ti lọ síbi ìdána l'Ékòó mọ iṣẹ́ alága ìdúró. Òun kọ́ ló ni ìyàwó, òun kọ́ ló ni ọkọ, kò sì dá kọ́bọ̀ sí owó orí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, àlejò á jókòó, á jẹ ìrẹsì, á lọ sílé láì mọ ìdí tí wọ́n fi gbé orógbó sórí tábìlì. Alága yẹn gẹ́lẹ́ ni òǹkọ̀wé àti olùkọ́ jẹ́ nínú mùsíọ́mù.

Ní ibi tí òṣìṣẹ́ kò pọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń ṣe mẹ́ta nínú iṣẹ́ wọ̀nyí pa pọ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi ń dàrú mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Kí ni òǹkọ̀wé ń kọ?

Lébẹ̀ẹ̀lì ni èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀: káàdì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan tí wọ́n pàtẹ. Kì í gùn. Ọ̀rọ̀ 50 sí 75 ti tó fún ohun kan, nítorí àlejò wà lórí ìdúró, ọmọ ń fà á láṣọ, ó sì tún ní yàrá mẹ́rin níwájú. Èèyàn á rò pé ohun tó kúrú kò lè le. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká fi ère ìbejì ṣe àpẹẹrẹ. Irú lébẹ̀ẹ̀lì tí ẹ máa ń rí nìyí:

"Ère ìbejì. Igi, osùn, ìlẹ̀kẹ̀. Yorùbá. Ọ̀rúndún 20."

Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó máa dúró tì í. Ẹ wá wo èyí tí mo kọ fún irú ère kan náà:

"Wo imú ère yìí: ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ikán kọ́ ló jẹ ẹ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì kú, ìyá rẹ̀ ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ èyí dípò rẹ̀. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á lára, ó ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, bó ṣe ń ṣe fún èyí tó wà láàyè. Ọwọ́ ló nu ojú yìí títí ó fi dán."

Ohun tí ojú àlejò ń rí lọ́wọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn imú tó parẹ́, kí n tó sọ ìdí rẹ̀. N kò sọ fún un pé kó káàánú ìyá náà. N kò sì kọ "àṣà àwọn ẹ̀yà kan ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà", bí ẹni pé ará òkèèrè ló ń kà á, nígbà tó ṣeé ṣe kí Táyé tàbí Kẹ́hìndé gan-an ló dúró síwájú gíláàsì yẹn. Ohun tí wọ́n fi ṣe ère náà àti ọ̀rúndún rẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́.

Yàtọ̀ sí lébẹ̀ẹ̀lì, àkọlé ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá tó ń sọ ohun tí gbogbo yàrá náà dá lé. Kátálọ́ọ̀gì wà, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń tà nígbà ìpàtẹ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi fóònù gbọ́ àlàyé wà, pẹ̀lú ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn tíṣà, ọ̀rọ̀ orí Facebook àti Instagram, àti lẹ́tà ìtọrọ owó sí àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kò sí ẹni tó ń kà á sí iṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ dáadáa ni ọ̀gá kì í fẹ́ kó lọ.

Ṣé kò kàn yẹ kí wọ́n kọ òtítọ́ sílẹ̀ kó tán?

Òtítọ́ náà ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Lébẹ̀ẹ̀lì tó bá sọ pé àwọn idẹ kan "kúrò ní Bìní lọ́dún 1897" ti fi ẹni tó kó wọn pamọ́. Idẹ kò ní ẹsẹ̀. Òǹkọ̀wé ló máa pinnu bóyá orúkọ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì á wà nínú gbólóhùn náà tàbí kò ní sí, kúrétọ̀ àti ọ̀gá á sì bá a jiyàn lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà. Ní 1924, ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ wà níbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní London. British Museum fẹ́ rà á. Kábíyèsí kò tà á; ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ló gbà ní pàṣípààrọ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́gilére tó mọṣẹ́ jù lọ nílẹ̀ Yorùbá. Ó pẹ́ kí àwọn mùsíọ́mù òkè òkun tó mọ orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ orúkọ ọ̀hún kò sọnù nílé: ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ki oríkì rẹ̀ fún olùwádìí tó wá béèrè, oríkì tó kún fún iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń gbèjà àwọn tó ka Yorùbá ní yunifásítì nìyí. Ọ̀pọ̀ "a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ" tó wà lára ògiri, ó wà bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó lọ béèrè ní èdè tí àwọn arúgbó ń sọ. Ẹni tó gbọ́ ìjìnlẹ̀ oríkì, tó lè jókòó ti ìyá àgbà kan ní Ìṣẹ̀yìn tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, ó ní ohun tí olówó ńlá kò lè rà. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn fúnra wọn ni kì í gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní Yorùbá lásán ni àwọn kà.

Kí ni olùkọ́ inú mùsíọ́mù ń ṣe tí tíṣà kò ṣe?

Tíṣà ní pátákó, ó ní sílábọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ náà á sì tún padà wá lọ́la. Olùkọ́ inú mùsíọ́mù lè má ní ju wákàtí kan lọ pẹ̀lú ọmọ ogójì tí kò rí wọn rí, tí bọ́ọ̀sì wọn sì ń dúró níta.

Ẹ wo ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀, tó wà ní mùsíọ́mù Oníkàn. Ó ṣòro kí ọmọ dé ibẹ̀ kó má sáré lọ wò ó. Olùkọ́ tí kò mọṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ àti oyè: February 13, 1976, olórí ìjọba ológun, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, àwọn ọmọ á ti máa wo àjà. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bi wọ́n pé, "Kí lẹ rí?" Wọ́n á ní ihò. Á ní, "Ibo ni ihò náà pọ̀ sí jù? Kí nìyẹn sọ fún yín nípa ibi tí àwọn tó yìnbọn dúró sí?" Lẹ́yìn ìyẹn ló tó máa sọ fún wọn pé nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òwúrọ̀ ní Ìkòyí ló ti ṣẹlẹ̀, pé ọkùnrin yìí kò tíì lo oṣù méje lórí oyè, kò sì ní ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó ń fọn fèrè níwájú rẹ̀. Ọmọ Èkó tó ti há sínú gosiló rí máa ń dákẹ́ níbẹ̀. Ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ náà ló máa béèrè rẹ̀.

Irú ìbéèrè yìí ní ètò. Ní Amẹ́ríkà, Abigail Housen, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn, àti Philip Yenawine, tó ti jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní Museum of Modern Art ní New York, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tó dúró lórí ìbéèrè mẹ́ta péré: Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí? Kí lo rí tó mú ọ sọ bẹ́ẹ̀? Kí la tún lè rí? Ìkejì yẹn ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Kò jẹ́ kí ọmọ máa sọ ohun tó rò pé àgbà fẹ́ gbọ́, ó ń dá a padà sídìí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, Yorùbá sì gbà á dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wá ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí l'Ékòó láì múra fún un kò tíì múra rárá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan á dúró níwájú edan Ògbóni, á ní pásítọ̀ àwọn ní kí àwọn má wò ó. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì bá pásítọ̀ jà. Ẹ lè sọ fún un pé ẹni tó ń wò kì í ṣe ẹni tó ń bọ, pé bó bá fẹ́ dúró sẹ́yìn, kó dúró. Ohun tí kò dáa ni kí ẹ bú àwọn tó ń bọ ọ́ kí ọkàn ọmọ náà lè balẹ̀. Ọmọ oníṣàngó lè wà nínú kíláàsì yẹn, bàbá àgbà ọmọ mìíràn sì lè wà lára àwọn tó ń bọ ọ́, àwọn ọmọ náà sì ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn nǹkan kan wà tí àwọn tó ni ín kò fẹ́ kí gbogbo ojú rí. Ilé tó dára máa ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kó tó gbé irú rẹ̀ síta.

Ìwé wo ni kí ènìyàn kà?

Kò sí ìwé-ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ń ṣílẹ̀kùn yìí. Kenneth Murray, Gẹ̀ẹ́sì tó dá mùsíọ́mù Oníkàn sílẹ̀ ní 1957, tíṣà tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ni nígbà tó wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1927. Ìtàn, ẹ̀kọ́ nípa ìwalẹ̀ òun ìṣẹ̀ǹbáyé, Yorùbá àti ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, iṣẹ́ tíṣà, iṣẹ́ ìròyìn, iṣẹ́ ọnà: gbogbo wọn ló ń wọlé. UNILAG ní ẹ̀ka ìtàn, ti èdè àti ti ìròyìn. Yabatech ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìwalẹ̀ ní tààrà máa ń lọ sí Ìbàdàn.

Fún iṣẹ́ mùsíọ́mù gan-an, Jos ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. UNESCO ló ran Nàìjíríà lọ́wọ́ láti dá ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1963 fún àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà. Lónìí, àjọ tó ń rí sí mùsíọ́mù ní Nàìjíríà, NCMM, ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń rí iṣẹ́ kí wọ́n tó lọ.

Níbo ni iṣẹ́ wà l'Ékòó?

NCMM ló ni mùsíọ́mù Oníkàn. Òfin 77 ti ọdún 1979 ló dá àjọ náà sílẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì ni, Àbújá ni olórí rẹ̀ wà. Ìtumọ̀ èyí fún yín ni pé ẹ kò lè wọ Oníkàn ní ọjọ́ kan kí wọ́n gbà yín síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ bá kéde ni, ọ̀rọ̀ ìpín ìpínlẹ̀ á sì wọ̀ ọ́. Ẹni tó ní dìgírì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 08. Nínú ìkéde, orúkọ tí ẹ máa wò ni "education officer", "museum officer" àti "research officer". Ibẹ̀ ni iṣẹ́ kíkọ fara pamọ́ sí. Àmọ́ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kan wà tó mọ́: IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, fún ẹni tó ṣì wà ní ilé-ìwé, àti ọdún sìnrúùlú. Ẹni tí wọ́n bá gbà fún sìnrúùlú ní irú ibẹ̀ á rí inú ilé náà ju ẹni tó ka ìwé mẹ́wàá lọ.

Kò jìnnà sí mùsíọ́mù yẹn ni John Randle Centre wà, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́. Ìyẹn ti ìpínlẹ̀ ni, ètò ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti Àbújá. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi síwájú níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó lè kọ Yorùbá tó gún régé, àmì orí rẹ̀ pé, ní ibi tó lè kan ilẹ̀kùn sí. Freedom Park náà wà lójú Broad Street, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà tẹ́lẹ̀. Ní apá mẹ́nílándì, CCA, ibùdó iṣẹ́ ọnà òde òní tí olóògbé Bisi Silva dá sílẹ̀ ní Yábà ní 2007, ti tọ́ ọ̀pọ̀ kúrétọ̀ àti òǹkọ̀wé dàgbà, Kalakuta Museum, ilé Fẹlá, sì wà n'Íkẹjà. Bí ẹ bá lè rìn dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, yunifásítì Pan-Atlantic ní mùsíọ́mù Yemisi Shyllon tó ṣí ní 2019. Mùsíọ́mù inú yunifásítì kò lè sá fún ẹ̀kọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn irú wọn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Owó ńkọ́?

Owó oṣù ìjọba kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìfẹ̀yìntì. Àwọn tó ń dá ṣe é, tí wọ́n ń kọ kátálọ́ọ̀gì fún gálárì tàbí ọ̀rọ̀ fún ìpàtẹ bí ART X Lagos, iye iṣẹ́ ni wọ́n fi ń gbowó. Ẹ fẹnu kò lórí iye rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, àti bóyá orúkọ yín máa wà níbẹ̀, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó bá ní "a ó ríra" ti dáhùn ìbéèrè yín. Ọ̀pọ̀ ló ń pa méjì pọ̀: wọ́n ń kọ́ni nílé-ìwé láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n ń kọ̀wé fún gálárì lálẹ́.

Kí ni kí n mú dání nígbà tí mo bá ń wáṣẹ́?

Ẹ mú iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe dání, ẹ má mú ìwé-ẹ̀rí nìkan. Ẹ san owó ìwọlé, ẹ lọ sí Oníkàn, ẹ yan nǹkan márùn-ún. Ẹ kọ lébẹ̀ẹ̀lì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kó má kọjá ọ̀rọ̀ 75. Ẹ má túmọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ohun tí olùka Yorùbá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yàtọ̀. Ẹ kà á sétí ẹni tí kò bìkítà fún mùsíọ́mù, àbúrò yín tàbí ẹni tó ń ránṣọ ládùúgbò, kí ẹ sì ṣàkíyèsí ibi tó ti wo fóònù rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ tún kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ètò ẹ̀kọ́ wákàtí kan fún kíláàsì JSS 2 lórí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan márùn-ún yẹn, kí ẹ bẹ ilé-ìwé kan ládùúgbò kí wọ́n jẹ́ kí ẹ dán an wò. Ẹni tó bá lè sọ ohun tó kùnà nínú ètò rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ gidi ti ṣáájú ẹni tó kàn ní síífì tó gùn.

Lẹ́tà tí ẹ máa fi ránṣẹ́, kó kúrú. Ẹ má kọ pé ẹ ti fẹ́ràn àṣà láti kékeré. Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́. Ẹ dárúkọ ohun kan pàtó tí ẹ rí nínú ìpàtẹ wọn, ẹ sọ ohun tí kò yé àlejò nípa rẹ̀, ẹ sì so lébẹ̀ẹ̀lì yín mọ́ ọn. Ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, bí wọ́n bá ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. May 18 ọdọọdún ni Àyájọ́ Mùsíọ́mù Lágbàáyé, àsìkò tí mùsíọ́mù máa ń ṣètò nǹkan fún ará ìlú àti ilé-ìwé tí òṣìṣẹ́ kì í sì í tó, nítorí náà oṣù kẹta ló dáa kí lẹ́tà yín dé ọ̀dọ̀ wọn.